Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Ètò Àfarawé Kọ́ni Ní Iṣẹ́ Kọ̀ǹpútà Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Orí yìí wà fún olùkọ́ tó fẹ́ kọ́ni ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí kò sì lówó tí yóò fi ra ohun èlò fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan. Bóyá ẹ ní ilé ẹ̀kọ́ kékeré kan ní Òkè-Afá, tí kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ kò kárí. Bóyá inú pálọ̀ yín ní Jákàńdè Estate lẹ ti ń kọ́ wọn, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì wà káàkiri Èjìgbò, Ìkòtún àti Ìsọlọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ní laptop tó lágbára, èkejì ń yá ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lò, ẹ̀kẹta kò ní ju fóònù lọ. Iṣẹ́ tí wọn yóò máa fi jẹun ni gbogbo wọn bá wá.

Ètò àfarawé ni ètò orí kọ̀ǹpútà tó ń hùwà bí ẹ̀rọ gidi. Akẹ́kọ̀ọ́ á so wáyà, á tẹ àṣẹ, ètò náà á sì dá a lóhùn bí router gidi ì bá ṣe dá a lóhùn. Bó bá ṣe é bó ṣe yẹ, á ṣiṣẹ́. Bó bá ṣì í ṣe, kò ní ṣiṣẹ́, kò sì ní ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Bébà ni wọ́n ń fún ọmọ iṣẹ́ télọ̀ gé kí wọ́n tó gbé àǹkárá oníbàárà lé e lọ́wọ́. Ohun tí bébà yẹn wà fún ni àfarawé wà fún.

Ọ̀nà yìí kì í ṣe àjèjì sí wa. JAMB bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀ǹpútà ṣe ìdánwò UTME ní 2013, ó sì pa ti bébà tì ní 2015. Láti ìgbà náà ni àwọn òbí ti ń wá ètò ìdánrawò tó jọ ti JAMB fún ọmọ wọn. Ọmọ á jókòó tì í, aago á máa kà sẹ́yìn, á máa fi A, B, C àti D mú ìdáhùn, á fi N lọ síwájú, á fi P padà sẹ́yìn. Lọ́jọ́ tó bá wọ gbọ̀ngàn ìdánwò, ojú rẹ̀ ti mọ́ ọn. Ohun tí orí yìí ń fẹ́ ni kí a lo irú ìdánrawò bẹ́ẹ̀ fún iṣẹ́ ọwọ́ pẹ̀lú.

Ìlànà kan ló di gbogbo ohun tí ẹ óò kà mú. Àfarawé kì í wúlò àfi bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ráyè ba nǹkan jẹ́, tó fojú ara rẹ̀ rí ohun tó bàjẹ́, tó sì fẹnu ara rẹ̀ sọ ìdí rẹ̀. Bí olùkọ́ bá di ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ mú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, òǹwòran lásán ló sọ ọ́ dà.

OHUN ÈLÒ TÍ Ẹ NÍLÒ

Ti olùkọ́:

• Laptop kan tí RAM rẹ̀ kò dín ní 4GB. Bí ẹ óò bá máa lo VirtualBox láti fi kọ́ni ní Linux, 8GB ló máa jẹ́ kí ọkàn yín balẹ̀.
• Inverter tàbí power bank tó lè gbé laptop, àti UPS kékeré tí yóò máa gbé router íntánẹ́ẹ̀tì yín nígbà tí NEPA bá mú iná lọ.
• SIM méjì láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọjọ́ tí ọ̀kan bá ń ṣe kùn-ún, ẹ ó bọ́ sórí èkejì.
• Flash 32GB kan, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí data wọn kò tó gba ètò ńlá sílẹ̀.
• Ẹgbẹ́ WhatsApp tàbí Telegram kan fún kíláàsì náà nìkan.
• Ìwé àkọsílẹ̀ kan tí ẹ óò máa kọ ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ti há sí.
• Router gidi kan, switch gidi kan àti wáyà nẹ́tíwọọ̀kì mélòó kan. Àlòkù láti Computer Village ní Ìkẹjà tó. Ẹ ó rí ìwúlò wọn nígbẹ̀yìn orí yìí.

Ti akẹ́kọ̀ọ́:

• Laptop tirẹ̀, tàbí wákàtí tí a ti fohùn ṣọ̀kan lé lórí tí yóò máa rí ti ẹlòmíì lò.
• Àdírẹ́sì ímeèlì tó jẹ́ tirẹ̀, tó sì mọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé oníṣẹ́ fóònù ló bá wọn ṣí ímeèlì, wọn kò sì lè wọlé sí i mọ́. Ẹ yanjú èyí kí kíláàsì àkọ́kọ́ tó dé.
• Ìwé àti bírò. Ẹni tó bá ya nẹ́tíwọọ̀kì sórí ìwé kó tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà kì í tètè sọnù.

Ẹ YAN ÈTÒ TÓ BÁ IṢẸ́ MU

Fún nẹ́tíwọọ̀kì: Cisco Packet Tracer. Cisco Networking Academy, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1997, ló ni ín, ọ̀fẹ́ sì ni. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Linux àti macOS. Ètò náà tóbi láti gbà sílẹ̀, ṣùgbọ́n fáìlì iṣẹ́ tí ẹ óò máa fi ránṣẹ́ sí akẹ́kọ̀ọ́ kò sábà tó 1MB, WhatsApp á gbé e wọ́ọ́rọ́wọ́.

Fún Linux: JSLinux, tí Fabrice Bellard gbé jáde ní 2011, ń ṣí Linux sínú bráúsà láìfi ohunkóhun sórí kọ̀ǹpútà. Ó dára fún àṣẹ àkọ́kọ́ bí ls, cd àti mkdir. Tí wọ́n bá ti kọjá ibẹ̀, ẹ gbé wọn lọ sí VirtualBox, tó ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní odindi kọ̀ǹpútà mìíràn nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Bí ẹ bá ya snapshot kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, bó bá tiẹ̀ pa gbogbo fáìlì rẹ́, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni yóò fi dá a padà sí bó ṣe wà.

Fún Git: Learn Git Branching. Inú bráúsà ló ti ń ṣiṣẹ́, ó sì ń ya àwòrán ohun tí àṣẹ kọ̀ọ̀kan ṣe bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́.

Fún iná àti ẹ̀rọ kéékèèké: PhET, tí Carl Wieman dá sílẹ̀ ní 2002 ní University of Colorado Boulder, ní àfarawé tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń so bátìrì, gílóòbù àti wáyà pọ̀. Ẹ lè gbà á sílẹ̀, kí ẹ lò ó láìsí data, kódà lórí fóònù. Tinkercad Circuits ló dára fún Arduino.

Fún àwọn tí kò ní ju fóònù lọ: ẹ fi H5P ṣe iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ á ti máa yan ọ̀nà tí yóò tọ̀. Ẹ gbé oníbàárà kan kalẹ̀ tó ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé òun kò tẹ̀wé. Akẹ́kọ̀ọ́ á yan ohun tí yóò kọ́kọ́ yẹ̀ wò, iṣẹ́ náà á sì fi ibi tí ìpinnu rẹ̀ gbé e dé hàn án. Ètò ọ̀fẹ́ kan tó ń jẹ́ Lumi lè sọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ di fáìlì HTML kan ṣoṣo tó ń ṣí nínú bráúsà láìsí íntánẹ́ẹ̀tì.

Kí ẹ tó yan èyíkéyìí, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́ta. Ṣé ó lè ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì? Ṣé kọ̀ǹpútà tí agbára rẹ̀ kéré jù nínú kíláàsì lè gbé e? Bí àwọn tó ni ín bá tì í pa lọ́la, kí lẹ óò lò? Ìbéèrè kẹta yìí kì í ṣe àsọdùn. Katacoda, tí olùkọ́ púpọ̀ kárí ayé gbé ẹ̀kọ́ wọn lé, ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo ènìyàn ní 2022. Ẹni tí kò tọ́jú ẹ̀dà ẹ̀kọ́ rẹ̀ síbòmíràn ní láti tún un kọ láti orí.

ÌGBÉSẸ̀ MẸ́SÀN-ÁN

1. Ẹ mú iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ẹ má sọ pé "lónìí a ó kọ́ nẹ́tíwọọ̀kì." Ẹ sọ pé "lónìí a ó jẹ́ kí kọ̀ǹpútà yàrá Account bá ti yàrá Store sọ̀rọ̀." Bí ẹ kò bá lè fi gbólóhùn kan sọ iṣẹ́ náà, ó ti pọ̀ jù fún kíláàsì kan.

2. Ẹ ṣe é fúnra yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ sì wo aago. Àkókò tó gbà yín, ẹ fi ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́.

3. Ẹ ba á jẹ́. Ẹ gbé nẹ́tíwọọ̀kì tó ń ṣiṣẹ́, kí ẹ fi àléébù méjì sí i, kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀kan á hàn sójú, èkejì á fara pamọ́ díẹ̀. Iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni láti wá wọn jáde. Ohun tó bàjẹ́ lèèyàn ń sanwó fún oníṣẹ́ pé kó wá tún ṣe, nítorí náà ẹ fi wíwá àléébù ṣe ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ yín.

4. Ẹ sọ ọ́ di fáìlì iṣẹ́. Nínú Packet Tracer, Activity Wizard ló wà fún èyí. Ẹ ó kọ́ nẹ́tíwọọ̀kì tó pé sínú Answer Network, ẹ ó kọ́ èyí tó bàjẹ́ sínú Initial Network, ẹ ó mú ohun tí ètò náà yóò yẹ̀ wò, ẹ ó kọ ìtọ́nisọ́nà sí i, ẹ ó sì fi ọ̀rọ̀ aṣínà tì í. Orúkọ fáìlì náà yóò parí sí .pka, yóò sì máa fi ìdá iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ṣe nínú 100 hàn án. Ìtọ́nisọ́nà yín lè jẹ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ẹ fi àṣẹ ẹ̀rọ sílẹ̀ bó ṣe wà gẹ́lẹ́.

5. Ẹ pín in ṣáájú ọjọ́ kíláàsì. Ẹ ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á gbé laptop wọn wá sọ́dọ̀ yín, kí ẹ fi ètò náà sí i láti orí flash, kí wọ́n wọlé pẹ̀lú àkáǹtì Cisco Networking Academy wọn lójú yín, kí wọ́n sì yàn án pé kó máa rántí wọn. Ẹni tó bá fi èyí sílẹ̀ di ọjọ́ kíláàsì yóò fi gbogbo àkókò kíláàsì wá ọ̀rọ̀ aṣínà.

6. Ẹ jẹ́ kí ìpàdé orí íntánẹ́ẹ̀tì kúrú. Zoom ọ̀fẹ́ máa ń parí ní ìṣẹ́jú 40, ìyẹn sì tó. Ìṣẹ́jú 10 fún àlàyé, 20 fún iṣẹ́, 10 fún ìbéèrè. Lẹ́yìn kíkí, kí gbogbo ènìyàn pa kámẹ́rà, nítorí fídíò ló ń jẹ data jù. Bí nẹ́tíwọọ̀kì bá burú, ẹ padà sórí WhatsApp: ohùn yín àti àwòrán ojú kọ̀ǹpútà ti tó.

7. Ẹ dákẹ́. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá há, ẹ má sọ ìdáhùn fún un. Ẹ bi í pé: "Kí lo retí pé kó ṣẹlẹ̀? Kí ló ṣẹlẹ̀? Kí lo fẹ́ dán wò báyìí?" Bó bá ti dáhùn ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tó sì há síbẹ̀, ẹ fi ibi tí yóò wò hàn án, kó tẹ àṣẹ fúnra rẹ̀.

8. Ẹ gba iṣẹ́ àti àlàyé papọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ á fi fáìlì .pka ránṣẹ́, á sì gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lórí WhatsApp fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì: ohun tó bàjẹ́, bó ṣe mọ̀ ọ́n, ohun tó ṣe sí i. Ẹni tó kàn ń tẹ̀ ẹ́ lọ tẹ̀ ẹ́ bọ̀ lè dé 100. Ohùn rẹ̀ ni yóò fi hàn bóyá ó mọ ohun tó ṣe.

9. Ẹ mú wọn dé ìdí ẹ̀rọ gidi. Lẹ́yìn iṣẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún, ẹ pè wọ́n jọ díẹ̀díẹ̀, kí olúkúlùkù fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe lórí router gidi ohun tó ti ṣe lórí àfarawé.

KÍLÁÀSÌ KAN, LÁTI ÌBẸ̀RẸ̀ DÉ ÒPIN

Iṣẹ́ náà: ọ́fíìsì kan ní Ìsọlọ̀ ní yàrá méjì, Account àti Store. Kọ̀ǹpútà Account wà ní 192.168.10.2, ti Store wà ní 192.168.20.2. Switch 2960 wà ní yàrá kọ̀ọ̀kan, router 2911 sì wà láàárín wọn.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá so wáyà tán, àmì ẹnu wáyà láàárín switch àti kọ̀ǹpútà á kọ́kọ́ ní àwọ̀ ọsàn fún bí ìdajì ìṣẹ́jú kó tó di àwọ̀ ewé. Ẹ ti sọ fún wọn tẹ́lẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé òun ti ṣì í ṣe, á yọ wáyà, á tún un so, àwọ̀ ọsàn á sì tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Switch gidi náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀: ó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ọ̀nà wáyà náà kò yí po padà sọ́dọ̀ ara rẹ̀ ni.

Tí wọ́n bá ṣí router, yóò bèèrè bóyá kó máa bi wọ́n ní ìbéèrè ètò ìbẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n tẹ no. Ẹni tó bá tẹ yes á bá ara rẹ̀ nínú ìbéèrè tí kò lópin. Ctrl àti C ni yóò fi jáde. Lẹ́yìn náà:

enable
configure terminal
interface gigabitEthernet 0/0
ip address 192.168.10.1 255.255.255.0
no shutdown

Kí wọ́n ṣe bákan náà fún gigabitEthernet 0/1 pẹ̀lú 192.168.20.1. Ojú router wà ní pípa látilẹ̀wá, no shutdown ló ń ṣí i. Èyí ni kí ẹ fi ṣe àléébù àkọ́kọ́: ẹ fi ojú kan sílẹ̀ ní pípa, àmì pupa á sì hàn. Fún àléébù tó fara pamọ́, ẹ yí gateway kọ̀ǹpútà Store padà sí 192.168.10.1. Gbogbo àmì á jẹ́ àwọ̀ ewé, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ kò ní kọjá. Àléébù kejì yìí ló ń kọ́ wọn pé àwọ̀ ewé kì í ṣe ẹ̀rí pé iṣẹ́ ti parí.

Tí wọ́n bá tún un ṣe tán, kí wọ́n ping láti Account sí Store. Ibí ni irú ọ̀rọ̀ yìí ti máa ń wáyé:

"Àǹtí, tèmi ò lọ o. Ó kọ Request timed out."
"Ẹ̀ẹ̀melòó ló kọ ọ́?"
"Ẹ̀ẹ̀kan, lẹ́yìn náà ó dáhùn lẹ́ẹ̀mẹta."
"Ó ti lọ nìyẹn. Tún un tẹ̀, kí o wò ó."

Nígbà kejì, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló máa dáhùn. Router kọ́kọ́ ní láti wá ibi tí kọ̀ǹpútà Store wà, ìwádìí yẹn ló gba àkókò àkọ́kọ́. Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n rí i, ẹ ní kí wọ́n bọ́ sí Simulation, níbi tí àpò ìwé kékeré á ti máa rìn láti ẹ̀rọ kan sí èkejì ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Kí ẹ tó túká, ẹ ní kí wọ́n lọ sí Physical, kí wọ́n pa router náà, kí wọ́n sì tún un tàn. Gbogbo àdírẹ́sì tí wọ́n tẹ̀ sí i á ti lọ. Ẹni tó ń gbé ní Èkó kò nílò àlàyé gígùn lórí ìyẹn: NEPA ló mú iná lọ ní ọ́fíìsì yẹn. Kí wọ́n tún un ṣe, kí wọ́n tẹ end, kí wọ́n wá tẹ copy running-config startup-config, kí wọ́n tún router pa, kí wọ́n tún un tàn. Lọ́tẹ̀ yìí àdírẹ́sì á wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ti pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan báyìí lórí àfarawé kò ní gbàgbé àṣẹ yẹn nílé oníbàárà.

ÌKÌLỌ̀

Jẹnẹrétọ̀. Ẹ má gbé jẹnẹrétọ̀ sí kọ́rídọ̀, sí báńkóní tàbí sí abẹ́ fèrèsé nítorí pé kíláàsì ń lọ lọ́wọ́. Èéfín rẹ̀ ní gáàsì olóró kan tí kò lóòórùn, tí kò sì láwọ̀. Ó ń pa odindi ìdílé lójú oorun. Ìta gbangba, jìnnà sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ni ààyè rẹ̀. Ẹ kìlọ̀ èyí fún akẹ́kọ̀ọ́ yín pẹ̀lú, pàápàá àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lóru. Bí kò bá sí ibi tó dára tí wọ́n lè gbé e sí, kí iṣẹ́ dúró di ọjọ́ kejì.

Iná àti omi. Ilẹ̀ tó sún mọ́ kánààlì Òkè-Afá kì í pẹ́ gba omi nígbà òjò. Ẹ gbé extension, UPS àti bátìrì inverter kúrò nílẹ̀. Bí omi bá ti wọ yàrá, ẹ má fọwọ́ kan ohunkóhun tó wà lẹ́nu iná kí ẹ tó pa iná láti ibi tó ti ń wọlé. Bí omi bá ti dé ibẹ̀ náà, ẹ jáde, kí ẹ pe oníṣẹ́ iná. Ẹ má so extension mọ́ extension. Kí akẹ́kọ̀ọ́ má fi laptop tó ń gba iná sórí bẹ́ẹ̀dì tàbí tìmùtìmù, ó máa ń gbóná.

Òfin. Ẹ̀kọ́ nípa ààbò nẹ́tíwọọ̀kì gbọ́dọ̀ dúró sínú àfarawé. Òfin ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà tí Nàìjíríà ṣe ní 2015 ka wíwọ kọ̀ǹpútà ẹlòmíì láìgbàṣẹ sí ẹ̀ṣẹ̀. "Mò ń fi kọ́ iṣẹ́ ni" kì í ṣe àwíjàre. Nínú VirtualBox, ẹ fi nẹ́tíwọọ̀kì kọ̀ǹpútà ìdánrawò sí Internal Network tàbí Host-only. Bí ẹ bá fi sí Bridged, ó ti wọ nẹ́tíwọọ̀kì ilé nìyẹn, ohun tí ọmọ náà bá ṣe á sì dé orí fóònù bàbá rẹ̀.

Ìdánrawò lórí jìbìtì. Bí ẹ bá ń kọ́ wọn láti dá ìkànnì onígbàjúẹ̀ mọ̀, ẹ má lo orúkọ tàbí àmì báńkì gidi kankan, ẹ má sì bèèrè PIN, BVN tàbí OTP ẹnikẹ́ni, bó ti wù kó jẹ́ eré. Ẹ ṣẹ̀dá báńkì tí kò sí níbì kankan. Lẹ́yìn kíláàsì, ẹ pa ojú ìwé náà rẹ́.

Àṣírí akẹ́kọ̀ọ́. Òfin ààbò dátà ti 2023 ní kí ẹ gba àṣẹ òbí kí ẹ tó gba dátà ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18. Ẹ má gbé fídíò kíláàsì tàbí máàkì wọn síta láìgbàṣẹ.

Ibi tí ẹ ti ń gba ètò. Inú ìkànnì àwọn tó ni ètò ni kí ẹ ti gbà á sílẹ̀. Packet Tracer àti VirtualBox kò náni lówó; ẹni tó bá ń ta ẹ̀dà "crack" wọn fún yín lè ti fi kòkòrò sí i. Flash tó bá ti kọjá lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó gbé e fún òmíràn.

ÀṢÌṢE TÓ WỌ́PỌ̀

Gbígbé ẹ̀kọ́ lé íntánẹ́ẹ̀tì tí kì í já. Ní March 14, 2024, wáyà abẹ́ òkun já ní etíkun Côte d'Ivoire, íntánẹ́ẹ̀tì sì dẹnu kọlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Nàìjíríà pẹ̀lú. Àwọn tí iṣẹ́ wọn ti wà nínú kọ̀ǹpútà wọn kò dúró. Gbogbo ẹ̀kọ́ yín gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà tí yóò gbà lọ láìsí data.

Fífi gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ sí wákàtí kan náà. Iná kì í dé gbogbo àdúgbò bákan náà. Nínú ìpele tí wọ́n pín àwọn oníbàárà iná sí, Band A gbọ́dọ̀ ní iná fún wákàtí 20 lójúmọ́ ó kéré tán, Band C fún 12, Band E fún 4 péré. Ẹ bi akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ní ìgbà tí iná máa ń wà nílé rẹ̀ kí ẹ tó dá wákàtí. Ẹ fún wọn ní ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin láti parí iṣẹ́, kí ẹni tí iná rẹ̀ kò dé àfi lóru má baà di ọ̀lẹ lójú yín.

Kíkó ẹ̀rọ jọ ju bó ṣe yẹ lọ. Olùkọ́ míì á to router mẹ́fà àti kọ̀ǹpútà 20 sójú kan ní kíláàsì àkọ́kọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ á dàrú, laptop rẹ̀ á sì há. Kọ̀ǹpútà méjì, router kan: ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Gbígbàgbé láti fi iṣẹ́ pamọ́. Títẹ copy running-config startup-config kò fi fáìlì Packet Tracer pamọ́ sórí laptop. Ctrl àti S ló ń ṣe ìyẹn. Ẹ kọ́ wọn ní méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kí wọ́n sì ṣọ́ra fún Reset Activity, gbogbo iṣẹ́ wọn ló máa nù.

Fífi ìyára ṣe òṣùwọ̀n. Ẹni tó kọ́kọ́ parí lè jẹ́ ẹni tó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ẹ wo ẹni tó ṣì í ṣe, tó sì wá ọ̀nà rẹ̀ jáde láìbèèrè.

Títi oní-fóònù sẹ́yìn. Ẹ so ó pọ̀ mọ́ ẹni tó ní laptop: oní-fóònù ni kó máa ka ìtọ́nisọ́nà, kó máa sọ àṣẹ tó kàn, kí oní-laptop máa tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n sì pààrọ̀ ipò ní iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e. Ẹ ya wákàtí díẹ̀ sọ́tọ̀ fún un lọ́sẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà yín, láìgba owó kún owó.

IBI TÍ AGBÁRA ÀFARAWÉ MỌ

Packet Tracer kì í ṣe gbogbo ohun tí router gidi ń ṣe. Àwọn àṣẹ kan wà tí kò mọ̀. Wáyà inú rẹ̀ kì í gé, eku kì í jẹ ẹ́. Kò sí ooru níbẹ̀, kò sí eruku, kò sí oníbàárà tó dúró síni lórí. Kíkan orí wáyà nẹ́tíwọọ̀kì, gígun àkàbà láti so áńténà, títú laptop: àfarawé kò lè kọ́ni ní ìwọ̀nyí. Ẹ má gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láti fi fídíò àti àfarawé nìkan kọ́ ọ ní títún ẹ̀rọ ṣe.

Báwo lẹ óò ṣe mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ ti tó ẹni tó lè fọwọ́ kan ẹ̀rọ gidi? Ẹ fún un ní fáìlì tí kò rí rí, tó ní àléébù méjì, kí ẹ sì fi ìdá ọgọ́rùn-ún pamọ́ fún un nínú Activity Wizard. Bó bá rí méjèèjì, tó sọ ìdí wọn ní Yorùbá tó já gaara fún ẹni tí kò mọ kọ̀ǹpútà, tó sì fi iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́ láìjẹ́ pé ẹ rán an létí, ó ti tó. Bó bá rí wọn ṣùgbọ́n tí kò lè ṣàlàyé, ẹ fún un ní òmíràn. Ẹ má yọ̀ǹda fún un nítorí pé ó ti sanwó tàbí pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọjá.

Ẹ kọ àléébù méjì kan sílẹ̀ lónìí, ẹ fi wọ́n sínú fáìlì kan, kí ẹ sì gbé e fún akẹ́kọ̀ọ́ méjì péré lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ tẹ́tí sí ohùn tí wọ́n bá gbà ránṣẹ́, ẹ tún fáìlì náà ṣe níbi tó bá ti kọ́ wọn lẹ́sẹ̀ lọ́nà tí kò yẹ, kí ẹ tó pín in fún gbogbo kíláàsì. Ìwé ẹ̀rí tí ẹ óò fún wọn, ẹ má fọwọ́ sí i títí wọn yóò fi tún router gidi ṣe lójú yín.